Èsì sí Ọ̀rọ̀ Igi Tó Ti Gbó

Bámidúró, mo gbọ́ ohùn rẹ nínú fóònù Ṣẹ́kínà.
O ní oníbàárà ti Lọ́kọ́jà dé,
o ní àpẹpẹ méjìlá tó wà ní pápá bàbá rẹ ti gbó,
igi tó bá sì ti gbó, bí kò di owó, a di èédú.
Mo ní kí Ṣẹ́kínà tún un gbé sí mi létí.
Mo gbọ́ ọ dáadáa. Èsì mi nìyí.

Ọjọ́ kejì tí mo délé ọkọ ní Ìsánlú,
pápá ni ìyá ọkọ mi mú mi lọ,
ibi tí kì í ṣe igbó, tí kì í ṣe oko,
tí igi dúró bí àgbà níbi ìpàdé,
tí ẹnì kan ò fara kan ẹnì kan,
koríko kúkúrú láàrin wọn, ìgbẹ́ màlúù, oòrùn.
Ó ní: "Ẹyẹ ló ni òkè, màlúù ló ni ìsàlẹ̀.
Àwa, èso tó bá bọ́ la ni."

Igi èmi àkọ́kọ́, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti rà,
inú ihò rẹ̀ ni òwìwí ń sùn lọ́sàn-án.
O mọ̀ ọ́n. O sọ òkò sí i nígbà tó o wà ní pírámárì,
ojú rẹ wú fún ọjọ́ mẹ́ta;
agbọ́n ló ta ọ́, o ní àjẹ́ ni.

Ẹ̀ka gbígbẹ tó o ní kò wúlò,
ibẹ̀ ni àkókó ń gbẹ́ ilé tí kì í gbé ju ọdún kan;
lọ́dún kejì, ayékòótọ́ ti kó wọlé,
lọ́dún kẹta, ẹyẹ aláwọ̀ aró kan tí n ò mọ orúkọ rẹ̀
(Alága ni bàbá rẹ ń pè é, nítorí bó ṣe ń wo èèyàn).
Igi tí ara rẹ̀ ń dán kò gba àlejò.
Ihò ló ń gbàlejò, ihò kì í sì í yá.

Wá gbọ́ ti àtíálá.
Lóṣù karùn-ún, abo wọ inú àpẹpẹ ẹ̀gbẹ́ àpáta,
wọ́n fi ẹrẹ̀ di ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn,
ó ku ojú kan ṣoṣo, tín-ín-rín, bí ẹnu kóló.
Akọ ló ń bọ́ ọ: tata, èso ọ̀dán, ọmọ alángbá.
Mo ka ìrìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo dé ogójì kí n tó sùn lọ.
Ẹ gé igi yẹn lóṣù yẹn, ọmọ mi,
owó wo lẹ máa kà tí kò ní máa ké nínú àpò?

Yero, ọmọ Demmo, ṣì ń da màlúù gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn.
A ti jà rí. Ọdún tí wọ́n jẹ ẹ̀gẹ́ mi tán,
ó ń kí mi ní "Okun o", n ò dá a lóhùn.
Ṣùgbọ́n ọdún tí kò wá, koríko ga bo àparò lórí,
iná ọdẹ gun koríko ọ̀hún dé ẹ̀ka,
irúgbá mẹ́ta lọ. Lékeléke ò rí ẹsẹ̀ tó máa tẹ̀ lé.
Nígbà tó padà, èmi ni mo kọ́kọ́ kí i.

Mi ò ní kébi pa ọ́.
Mo mọ iye tí owó ilé-ìwé àwọn ìbejì jẹ́.
Owó irú tí mo tà wà nísàlẹ̀ àpótí, wá mú u.
Nígbà tó o bá ń bọ̀, gbin irúgbá méjì kó o tó wọlé.
Ihò wọn ò ní ṣojú rẹ, kò ní ṣojú àwọn ìbejì;
ẹni tó dá àpẹpẹ sí nígbà tó rí bí ọ̀pá ìtìlẹ̀
kò rí àtíálá.

Sọ fún oníbàárà pé orí ìyá rẹ ti ń dàrú díẹ̀,
pé ó gbé àga sídìí igi, ó ń ka ẹyẹ sínú ìwé.
Kì í ṣe irọ́. Láàárọ̀ òní: òrofó mẹ́sàn-án;
òpèèrè, n ò lè kà wọ́n, wọn kì í jókòó jẹ́ẹ́;
àkàlàmàgbò, òdo.
Ọdún kẹfà rèé tí mo ń kọ òdo sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Mi ò tíì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.